Ìbọn Wo Ni Ká Mú?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni. N kò sọ ti ìbọn ológun, n kò sì sọ ti ìgárá ọlọ́ṣà. Ìbọn tí ọmọlúàbí lè fi owó ara rẹ̀ rà, tí yóò fi dẹ ìgbẹ́, tàbí tí yóò kàn fi máa dán ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wò ní ọjọ́ ìsinmi, ni mo ní lọ́kàn.

Ohun tí ó fà á ni pé ọmọ Abẹ́òkúta kan tí ó ń gbé ní Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá sí ilé, ó sì jókòó tì mí ní ọjọ́ kan. Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ kan. Irú ti àtijọ́ tí àwọn ọ̀gá ológun máa ń so mọ́ ìbàdí ni mo fẹ́, èyí tí ọta kejì ń fúnra rẹ̀ bọ́ sí ipò ti àkọ́kọ́. Páálí ni n ó máa yin ín sí, n kò ní í yin ín sí ẹ̀dá kankan. Èwo ni kí n mú? Bí ọwọ́ mi bá sì ti mọ́ ọn, ṣé mo lè gbé e wá sí oko wa ní Wásinmi?"

Ìbéèrè méjì ni ó bi mí yẹn. Èkejì ni mo kọ́kọ́ dá a lóhùn, nítorí pé òun ni ó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Mo ní, "Rárá, ọmọ mi. Má ṣe dán an wò."

Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí a ṣe ní ọdún 1959 tí ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kìíní ni èyí tí a kà léèwọ̀: àgbá ogun, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn gígùn ti ológun, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ pátápátá. Àwọn tí ó kọ òfin náà kò fi àyè sílẹ̀ fún àríyànjiyàn, nítorí wọ́n dárúkọ ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́ tí ń fi akọ òkúta ṣáná mọ́ ọn. Àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ nìkan ni ènìyàn fi lè ní irú rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ẹni tí a bá sì ká a mọ́ lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ oṣù díẹ̀. Ìpín kejì ni èyí tí ènìyàn lè gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá: ìbọn ọdẹ onílùkù-katirííjì tí a ń fi ọwọ́ ki, ìbọn ọdẹ ọlọ́ta kan tí ọta rẹ̀ kì í ṣe irú ti ológun, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ìpín kẹta ni ìbọn tí a ń ti ẹnu rẹ̀ ki, èyí tí ẹ̀yin àti èmi ń pè ní ṣakabùlà. Ti ìyẹn, ọwọ́ àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ ni ìwé rẹ̀ wà.

Ilé rédíò pàápàá ti rí ìbọn ìléwọ́ rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, ẹnì kan mú ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò Ìwọ̀ Oòrùn ní Ìbàdàn, ó sì mú kí wọ́n gbé ohùn mìíràn sórí afẹ́fẹ́ dípò ohùn olórí ìjọba. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta wa níhìn-ín, lọ sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ náà, kóòtù sì dá a sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí ni òun fúnra rẹ̀ wá kọ ọ́ sínú ìwé. Ìtàn tí ó dùn ún gbọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìbọn ìléwọ́ wọ pápá ọkọ̀ òfurufú kí ó sì rò pé adájọ́ òde òní yóò bá òun rẹ́rìn-ín.

N kò bínú sí ọmọ náà pé ó béèrè. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ta ni ọmọ Ẹ̀gbá tí kò gbọ́ ìtàn ìbọn nílé bàbá rẹ̀? Ogún ọdún péré ni Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ pẹ̀lú Sódẹkẹ́ nígbà tí, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun Dahomey, tọkùnrin tobìnrin, dé ẹnu odi ní apá Àrò. Ìbọn ni wọ́n gbé wá, ìbọn ni a fi pàdé wọn, wọ́n sì padà sẹ́yìn. Ní oṣù kẹta ọdún 1864 wọ́n tún wá, a sì tún lé wọn. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe máa ka ibi tí ó dùn nìkan. Ní ọdún 1918, nígbà Ogun Adùbí, ìbọn tí àwọn ará oko wa gbé dojú kọ ìjọba ni èyí tí a ń ti ẹnu ki, tí ènìyàn ní láti dúró kí ó tó lè yin ẹ̀ẹ̀kejì. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà kò mọ ìdúró. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ Ẹ̀gbá ni ó bá ìyàtọ̀ ìbọn méjèèjì lọ.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun pọ̀, àwọn òbí wọn sì ń ka ìwé yìí.

Ìbọn ìléwọ́ tí ọmọ náà ń wí, báyìí ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àpótí pẹlẹbẹ kan wà nínú ibi tí ọwọ́ di ìbọn mú, inú rẹ̀ ni ọta tò sí. Bí ẹ bá fa apátí, ọta kan yóò jáde. Agbára kan náà tí ó ti ọta síwájú yóò ti irin òkè ìbọn sẹ́yìn, irin náà yóò ju èèpo ọta tí ó ti ṣófo síta, sípíríìngì yóò ti irin padà, yóò sì gbé ọta mìíràn wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá fa apátí, ọta kan ni. Bí ẹ kò bá tú ìka sílẹ̀ kí ẹ tún un fà, kò sí òmíràn. Ní ibi èyí ni ó ti yàtọ̀ sí arọ̀jò-ọta.

Mẹ́ta ni àwọn tí ó fẹ́ràn ti àtijọ́ máa ń dárúkọ jù. Àkọ́kọ́ ni Luger, tí àwọn ológun Jámánì gbà ní ọdún 1908. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ́wà lójú, orúnkún tí ó wà lókè rẹ̀ sì máa ń ká sókè bí a bá yìn ín. Èkejì ni Colt tí wọ́n ń fi ọdún rẹ̀ pè, 1911. John Browning ni ó ṣe ètò rẹ̀, ọta 7 ni àpótí rẹ̀ ń gbà, ọ̀pá rẹ̀ gba ọta tí ó fẹ̀ ju mìlímítà 11 lọ, àwọn ológun Amẹ́ríkà sì lò ó títí di ọdún 1985 kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Browning ti ọdún 1935, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Belgium. Browning ti kú ní ọdún 1926 kí iṣẹ́ náà tó parí. Ará Belgium kan tí ń jẹ́ Dieudonné Saive ni ó parí rẹ̀. Ọta 13 ni ó ń gbà, ọta náà sì kéré sí ti Colt.

Èwo ni kí ó mú nínú wọn? Mo sọ fún un pé kí ó má tíì mú ọ̀kankan.

Ẹ má bínú sí mi. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìbọn, ọ̀tá rẹ̀ kì í ṣe páálí tí ó wà níwájú, ìró àti ìtapadà ìbọn ni. Bí ìbọn ńlá bá ta padà sí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ara rẹ̀ yóò ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Kí ó tó fa apátí tán, yóò ti di ojú, ọrùn ọwọ́ yóò ti ṣẹ́ sísàlẹ̀, ọta yóò sì wọ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa sọ pé ìbọn náà kò dára. Ìwà yìí, bí ó bá ti wọ ènìyàn lára, ó le láti lé jáde. Nítorí náà, ìbọn ìléwọ́ tí ọta rẹ̀ jẹ́ .22, èyí tí ó kéré jù nínú àwọn tí ó wọ́pọ̀, ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ìró rẹ̀ kò pọ̀, kì í ti ènìyàn, ọta rẹ̀ sì rọ̀ lówó gan-an ju ti àwọn ńlá lọ. Ẹni tí ó bá ní owó ọta ni yóò lè yìn tó láti mọ̀ ọ́n. Irú rẹ̀ tí ó ní ìrísí àtijọ́ kò wọ́n. Colt ṣe ọ̀kan ní ọdún 1915, Ruger sì gbé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1949, ìrísí rẹ̀ sì jọ Luger díẹ̀. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé pẹ̀lú o: ìbọn .22 ni wọ́n ń lò fún eré ìbọn ìléwọ́ ti mítà 25 ní Òlíḿpíìkì.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bí ó bá ṣì ń wu ú, kí ó wá mú 1911. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn méjì yòókù lọ ni apátí rẹ̀. Ó ń lọ sẹ́yìn tààrà, kì í ṣe pé ó ń yí bí ìlẹ̀kùn, ọ̀nà tí ó ń lọ sì kúrú, nítorí náà ìka kì í gbé ojú ìbọn kúrò lórí àmì. Ó wúwo díẹ̀, ó lé ní kílò kan, ṣùgbọ́n ìwúwo náà ni kì í jẹ́ kí ó gbọ̀n lọ́wọ́. Ohun tí kò dára lára èyí tí a ṣe fún ológun ni pé òòlẹ̀ ìfojúsùn orí rẹ̀ kéré jù. Ojú àgbàlagbà kò lè rí i. Èyí tí wọ́n ń ṣe lóde òní ní ìrísí ti àtijọ́, tí wọ́n sì fi ìfojúsùn ńlá sí, ni kí ó rà. Ní ti Luger ti gidi, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń kó ohun àtijọ́ jọ máa fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ohun tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, bí irin kékeré kan bá ṣẹ́ nínú rẹ̀, iye rẹ̀ ti já sí ìdajì.

Kí ó tó sanwó, kí ó di ìbọn náà mú ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àpótí òfìfo. Kí ó di ojú, kí ó na ọwọ́ síwájú, kí ó wá la ojú. Bí ìfojúsùn ẹ̀yìn àti ti iwájú bá tò sí ara wọn láìjẹ́ pé ó yí ọrùn ọwọ́, ìbọn náà mọ̀ ọ́n. Bí kò bá tò, kí ó dá a padà, bí ó ti wù kí ó dán tó. Ìka rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé apátí ní oríkèé àkọ́kọ́, kì í ṣe pé kí ó máa na ìka bí ẹni tí ń já ọsàn. Ibi ìyìnbọn sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń yá ènìyàn ní ìbọn lò fún wákàtí kan. Owó díẹ̀ ni, ó sì sàn ju kí a ra ohun tí kò bá ọwọ́ mu. Kí ó má gbàgbé ohun ìbòtí àti gíláàsì ojú. Ọ̀pọ̀ ọdẹ àgbà ní ilé wa ni ẹ ní láti pariwo mọ́ kí wọ́n tó gbọ́ yín. Ìbọn ni ó gba etí wọn.

Mo fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ẹni tí ó lọ sí Amẹ́ríkà fún ìbẹ̀wò tàbí fún ẹ̀kọ́ lásán, òfin wọn kò gbà kí ó ra ìbọn, àfi bí ó bá ní ìwé ọdẹ tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ti ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú yàtọ̀. Òfin ìpínlẹ̀ kan kò sì jọ ti èkejì. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò tilẹ̀ ní ohun tí wọn yóò yàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1996, ọkùnrin kan mú ìbọn ìléwọ́ tí ó gba ìwé fún wọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Dunblane ní Scotland, ó pa ọmọdé 16 àti olùkọ́ wọn. Ní ọdún 1997 ni wọ́n gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ gbogbo àwọn tí ń fi ṣeré ní England, Scotland àti Wales. Àwọn tí kò ṣẹ̀ náà fi tiwọn sílẹ̀.

Wàyí o, àwa tí a wà nílé ńkọ́? Àwa ni mo fẹ́ lò ìyókù àkókò mi fún, nítorí ìbọn tí ń pa wá kì í ṣe ìbọn ìléwọ́ ti Amẹ́ríkà.

Mo mọ ọ̀gá ọdẹ kan tí ìka méjì péré kù sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Kò sí ẹranko tí ó bù ú jẹ. Ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ ni ó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní òru ọjọ́ kan tí ó ń tọ àgbọ̀nrín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wo ọ̀pá ìbọn náà, wọ́n rí i pé páìpù omi ni alágbẹ̀dẹ fi ṣe é. Ẹ gbọ́ ná. Àwọn Òyìnbó pe irú ìbọn yìí ní orúkọ àwọn ará Denmark, tí wọ́n ní ilé olódi ní Accra títí di ọdún 1850, ṣùgbọ́n Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ púpọ̀ nínú èyí tí àwọn baba ńlá wa lò. Èyí tí a ń rọ nílé wa lónìí, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni ó wà. Alágbẹ̀dẹ rere wà, tí ọ̀pá ìbọn rẹ̀ kò lábùkù. Ṣùgbọ́n páìpù tí a ṣe fún omi, omi ni ó lè gbà. Kò mọ agbára ẹ̀tù. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọdẹ náà kì í wọn ẹ̀tù, tí ó kàn ń dà á láti inú àdó bí ẹni ń da gààrí, ọjọ́ tí yóò fọ́ nìkan ni a kò mọ̀. (Ẹ kíyè sí ohùn mi: ẹ̀tù ni à ń kì sí ìbọn, ẹtu ni à ń pa. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé tí a kò fi àmì sí lè rò pé ẹran ni ọdẹ fi pa ẹran.)

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a pé kí ó fi ṣakabùlà sílẹ̀, kí ó gba ìwé, kí ó ra ìbọn onílùkù-katirííjì. Olójú kan ni tàbí olójú méjì? Olójú méjì dùn, ó fún ènìyàn ní ẹ̀ẹ̀kejì bí ẹ̀ẹ̀kan bá tàsé. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó wọ́n, èyí tí ó bá sì pọ̀ lówó ni ó dára nínú rẹ̀. Fún àgbẹ̀ tí ń lé ọ̀yà kúrò nínú ẹ̀gẹ́, olójú kan tí ó dára sàn ju olójú méjì tí kò dára lọ. Ó tún ní àǹfààní mìíràn: bí ọta bá jáde, ìbọn ti ṣófo. Nínú olójú méjì, mélòó ni ẹni tí ó yin ẹ̀ẹ̀kan, tí ó fi ìbọn kọ́ èjìká, tí ó gbàgbé pé ọ̀kan ṣì wà níbẹ̀?

Nọ́ńbà tí ó wà lára ìbọn máa ń da ènìyàn láàmú. Ìtumọ̀ 12 ni pé bí a bá fi òjé ṣe ọta róbótó tí ó bá ojú ìbọn náà mu gẹ́lẹ́, 12 irú rẹ̀ ni yóò wọn pọ́ùn kan. Nítorí náà ni ojú ìbọn 20 ṣe kéré sí ti 12, bí nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ jù. Mú 12, katirííjì rẹ̀ ni ẹ lè rí rà. Ọta ńláńlá tí wọ́n ń pè ní SSG wà fún àgbọ̀nrín, wẹẹrẹ wà fún àparò. Ẹni tí ó bá fi SSG yin àparò, ìyẹ́ ni yóò gbé délé.

Bí ó bá jẹ́ pé àlòkù ni ẹ fẹ́ rà, ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì kí ẹ rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí ẹ wá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa dán bí dígí. Bí ẹ bá rí ojú ìpẹtà tí ó jin, tàbí ibi tí ó wú bí ọ̀pá ìrèké, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Ẹ pa á dé, ẹ gbọ̀n ọ́n létí. Bí ó bá ń mì pẹkẹpẹkẹ ní oríkèé, ó ti gbó. Ẹ wo abẹ́ ọ̀pá náà fún àmì ìdánwò. Láti ọdún 1813 ni Birmingham ti ní ilé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀tù tí ó ju ti ojoojúmọ́ lọ dán ìbọn wò kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀ sí i lára. Ìbọn tí kò ní òǹtẹ̀ ìdánwò kankan, ẹ̀yin ni ẹ máa dán an wò, ojú yín ni ẹ ó sì fi dán an wò.

Ẹni tí kò fẹ́ pa ẹran, tí ó kàn fẹ́ ta àmì bí ti ọmọ Houston, ìbọn afẹ́fẹ́ ni ó kàn án. Ọta kékeré mìlímítà 4.5 ni ó ń yìn, mítà 10 ni wọ́n fi ń ta á, ó sì ti wà nínú Òlíḿpíìkì láti ọdún 1988 ní ti ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́. Àgbàlá tí ó ní ògiri tó fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé òfin 1959 kà á mọ́ ìbọn: ìwé ọlọ́pàá ni ẹ ó gbà fún un bí ẹ ó ti gbà á fún olójú méjì. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ọlọ́pàá ní Eléwéẹran kí ẹ tó ná owó, nítorí ìgbà mìíràn wà tí wọn kì í fún ènìyàn. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ọ̀mùtí, àti ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún, òfin ní kí a má fún un.

Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí a bá dáná sun igbó tí a sì yí i ká láti pa ọ̀yà, gbogbo wa ni a kọ ìbọn sí ara wa. Ẹni tí ó wà ní òdì kejì èéfín kò hàn, ọ̀yà sì ń sá ní àárín. Ẹ fi ẹnì kan ṣe olórí, kí ó sọ ibi tí olúkúlùkù yóò kọjú sí, kí ẹni tí ó bá sì yí padà kó ìbọn rẹ̀ lọ sílé ní ọjọ́ náà. Ní òru, iná orí ọdẹ máa ń kọ mànà nínú ojú ẹran, ó sì máa ń kọ mànà lára gíláàsì àti bọ́tìnnì ènìyàn. Ojú méjì tí ó tàn kò tó. Ẹ dúró títí ẹ ó fi rí ara tí ojú náà wà lára rẹ̀.

Ọmọ Houston náà ti padà. Ó tẹ̀ mí láago ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ní òun ti yá .22 lò nígbà mẹ́rin, nínú ọta mẹ́wàá mẹ́fà ti ń wọ inú òbírí dúdú. Ó tún bi mí nípa 1911. Mo ní kí ó yin ọgọ́rùn-ún márùn-ún ọta sí i kí ó tó tún bi mí, kí ó sì kọ́kọ́ lọ rí dókítà ojú.